Bí Ìlú Àgbẹ̀ Ṣe Gorí Wa

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ọ̀gá pe ìpàdé kí n tó mu tíì mi tán. Ó mú èsì àwọn olùdánwò lọ́wọ́, àwọn tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa gbá géèmù wa látàárọ̀ dalẹ́, kí wọ́n sì wá fi bú wa. Ìlú márùn-ún ló wà nínú géèmù náà, ẹni tó ń gbá a á yan ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á sì máa darí mẹ́rin tó kù. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ: Ìlú Olódò ló ń jọba nígbà gbogbo. Ẹni tó bá yan Ẹlẹ́ṣin, Olódò ni yóò bá lókè. Ẹni tó bá yan Olókè tàbí Oníyọ̀, Olódò náà ni. Ti Ìlú Àgbẹ̀ ò tiẹ̀ yẹ ní sísọ. Ẹnì kan ní òun fi géèmù sílẹ̀ lọ jẹun, nígbà tí òun máa padà dé, Olódò ti gba gbogbo ayé.

Ọ̀gá ní, "Tíṣà, àwọn ọ̀tá tí ẹ ṣe yìí ò gbọ́n."

Mo ní, "Ẹ má pè wọ́n lọ́tàá, Ọ̀gá. Ọmọ mi ni wọ́n. Wọ́n kàn pẹ́ rìn ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn olùrà ń bọ̀ níbi ìpàtẹ ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀. Bí àwọn ìlú tí ẹnikẹ́ni ò yàn kò bá lè máa dìde fúnra wọn, kí wọ́n sì gba ọ̀nà tó yàtọ̀ síra, kí oṣù yìí tó parí, òun máa ra ọpọlọ ọ̀tá tí àwọn kan ti ṣe sílẹ̀ níbòmíràn, òun á sì pa ẹ̀ka wa dé. Ẹ̀ka wa ni èmi àti Olóhùn-kékeré, tábìlì méjì, àti fèrèsé kan tí kì í tì dáadáa.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi kọ́ ọmọ ilé ìwé ní bí ìlú ṣe ń dìde àti bí ìlú ṣe ń wó. Bí mi ò bá lè gbé ìlú mẹ́rin dìde nínú kọ̀ǹpútà, ta ló kù tó fẹ́ gbé wọn?

Òjò ká mi mọ́ ojú ọ̀nà. Bàtà aláwọ mi ti di ti òjò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo gba pátákó ara ògiri kan fún ara mi, mo ní kí ẹnikẹ́ni má nù ún. Àwọn tó ń ṣe irú géèmù yìí máa ń rò pé ọmọ ogun ló ń sọ ìlú di ńlá. Irọ́ gbuu ni. Ohun tí aládùúgbò bá rò nípa rẹ ló ń sọ ẹ́ di ńlá. Ọba tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó lágbára ò ní jagun púpọ̀. Wọ́n á ti kó ìṣákọ́lẹ̀ wá bá a nílé kó tó jí.

Nítorí náà, òfin tuntun rèé: ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan nínú géèmù, ìlú kọ̀ọ̀kan máa rán amí lọ wo àwọn tó yí i ká. Amí á ka ohun ìjà wọn, á wá jábọ̀ fún ọba rẹ̀. Bí ohun tí amí kà bá pọ̀ ju tilé lọ, ọba á mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: kó teríba, kó wá ọ̀rẹ́, tàbí kó jà.

Olóhùn-kékeré ló ń sọ gbogbo ohun tí mo bá rò di èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Bó bá ń sọ̀rọ̀, àfi kéèyàn na etí sí i. Ó wo pátákó títí. Ó ní, "Ó máa ṣe é ṣe, Mà." Ọ̀rọ̀ tó sọ látàárọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Àlùbọ́sà kan ṣoṣo ti di iye tí a fi ń ra mẹ́ta. Ọkọ mi ní kí n máa kàn fi han ọbẹ̀, kí n sì gbé e padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

A gbé òfin amí wọlé. Olódò tún jọba, ó sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Aláriwo ló gbá a. Olùdánwò tó dáńgájíá jù nínú wọn ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ máa ń ti òkè ilé kejì dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ó pariwo pé, "Tíṣà, Olódò yín tún ti dé o! Kí ló tiẹ̀ ń jẹ?" Gbogbo ọ́fíìsì gbọ́. Ọ̀gá náà gbọ́, mo rí i tó gbórí sókè.

Inú bí mi, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ò tíì dé ibi ẹ̀rù. Mo sọ fún Olóhùn-kékeré pé Àgbẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ la ti fi wọ́n síbẹ̀ bí ẹni tí kò ní nǹkan kan. Ìlú tó ń bọ́ gbogbo ìlú yòókù, ó yẹ kí ohun ìní wọn hàn. Kó fi oko wọn sí i, kó fi irinṣẹ́ wọn sí i. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí pátákó pẹ̀lú ìkánjú, mo sì sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Àgbẹ̀ jọba!

Àgbẹ̀ o! Ìlú tí kò ní jagunjagun ẹyọ kan. Ọdún kẹsàn-án nínú géèmù ni Oníyọ̀ kọ́kọ́ teríba fún wọn. Olókè tẹ̀lé e. Olódò tó ń fẹlá fún gbogbo ayé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò ta sílẹ̀. Aláriwo tó ń gbá Ẹlẹ́ṣin ò lè pariwo mọ́, ó kàn ń na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Mo ti sọ fún wọn. Mo rìn gba iwájú yàrá Ọ̀gá lọ lẹ́ẹ̀mejì láìní ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òjò látàárọ̀. Páákó tí ọkọ mi sá sẹ́yìnkùlé tún tutù, kò sì lè fi igi tútù kan ilẹ̀kùn oníbàárà. Owó páákó fúnra rẹ̀ ti lé sí i. Ó ń ráhùn, èmi ń sọ ìtàn Àgbẹ̀ fún un. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ìyàwó mi, ìlú tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni àbí ẹ̀yìnkùlé wa lo ń bá mi sọ? Torí èyí tó wà lẹ́yìnkùlé ti ń rì."

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ọ̀gá ní kí n dúró síwájú gbogbo ilé iṣẹ́, kí n ṣàlàyé bí Àgbẹ̀ ṣe ṣe é. Mo ṣàlàyé, ká má parọ́, mo sì ṣe é dáadáa. Mo ní ẹni tó ni oúnjẹ ló ni ọmọ ogun, torí ikùn tó ń pariwo kì í gbọ́ àṣẹ. Mo ní àwọn ìlú tó kù wo abà Àgbẹ̀, wọ́n wo àwo tiwọn, wọ́n sì ro ara wọn wò. Àwọn ayàwòrán pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ní òun ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé yìí.

Lọ́sàn-án, ó ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá tí a máa lẹ̀ níbi ìpàtẹ: ÌLÚ TÍ KÒ NÍ ỌMỌ OGUN, TÓ JỌBA LÓRÍ GBOGBO AYÉ. Wọ́n ya àgbẹ̀ kan sí i tó tẹ ẹsẹ̀ kan sórí adé.

Orí mi wú. Ó wú gan-an ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Àgbẹ̀ tún jọba. Láti ọjọ́ kẹrìnlá, gbogbo ẹni tó gbá a, Àgbẹ̀ náà ni. Ọdún kẹfà péré ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀ fún un báyìí.

Olóhùn-kékeré ní ọ̀rọ̀ náà ń kọ òun lóminú. Mo ní kò sí ohun tó ń kọni lóminú nínú àṣeyọrí. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ipò Olódò la kàn gbé fún Àgbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo ní láti kọ tòní dáadáa.

Kété lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ohùn gbòde. "Tíṣà! Tíṣà o! Ẹ wá wo nǹkan!"

Mo ní, "Kí ló dé tó o ń ké bí ẹni tílé ẹ̀ ń jó?"

Aláriwo ní, "Ẹ wo iṣẹ́ tí amí mi jẹ́. Ọ̀kọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin! Àgbẹ̀ tí kò ní jagunjagun kan, ta ló fẹ́ ju ọ̀kọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin fún un?"

Mo sún mọ́ ọn. Àwòrán ọ̀kọ̀ kékeré ló wà lójú kọ̀ǹpútà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ló sì wà níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ ìgbà tí Olóhùn-kékeré dé ẹ̀yìn wa. Ó wò ó títí, ó wá ní, "Mà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ọ́."

"Kí lo kọ lẹ́ẹ̀mẹrin?"

"Oko."

Kọ̀ǹpútà wa kì í gba àmì ohùn, kì í sì í gba ti abẹ́ ọ̀rọ̀, gbogbo wa la mọ̀. Nǹkan kọ̀ọ̀kan ní agbọ̀n tirẹ̀ nínú géèmù, agbọ̀n kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ. Ọ̀kọ̀ jagunjagun ló kọ́kọ́ wọlé, ó sọ agbọ̀n rẹ̀ ní "oko". Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú omi ti Olódò dé, ó tún kọ "oko". Kọ̀ǹpútà rò pé nǹkan kan náà ni, ó da ọkọ̀ sínú ọ̀kọ̀. Ìdí rèé tí Olódò fi ń ṣẹ́rù ba gbogbo ayé láti ìbẹ̀rẹ̀! Ọkọ̀ ẹja lásán ni wọ́n ń sá fún. Nígbà tí mo wá ní kó fi oko àti irinṣẹ́ sí i, ó fi oko sí i, ó fi ọkọ́ sí i. Agbọ̀n kan náà ló gba gbogbo wọn.

Mo ní, "Ìyẹn mẹ́rin. Ṣé ó tán síbẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. "Òfin ìgbéyàwó, Mà. Ọmọ ọba tó bá lọ sílé ọkọ..."

"Má sọ fún mi."

"Ọkọ náà wà níbẹ̀."

Aláriwo ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà èmi, ẹ̀rín sì mú mi débi tí mo fi jókòó sílẹ̀. Àgbẹ̀ kan ṣoṣo tó gbé ọkọ́ lọ sí oko, tó bá tún wá jẹ́ ọkọ ọmọ ọba, ọ̀kọ̀ mẹ́ta ni amí kà sí i lọ́rùn. Èmi tí mo máa ń fi gègé pupa gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí kò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀! Mo wo pátákó mi tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má nù. "Oko, oko, oko" ló wà níbẹ̀ gbọọrọ, pẹ̀lú ọwọ́ mi, kò sí àmì kan lórí ọ̀kankan.

Nígbà tí mo wá rántí bébà ńlá tí wọ́n ti tẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ. Mo rántí gbogbo àlàyé ikùn àti àwo tí mo ṣe. Ojú tì mí gan-an.

Mo sọ fún ọkọ mi nílé. Ó fi òòlù sílẹ̀, ó na àyà jáde. Ó ní, "Ṣé o wá gbà báyìí pé ohun ìjà ni mí?"

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ bá Ọ̀gá fúnra mi, kí ẹlòmíràn tó bá mi lọ. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Àwa mẹ́ta."

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Tíṣà. A ti tẹ bébà. Ìtàn yín dùn. Olùrà wo ló fẹ́ ṣí inú kọ̀ǹpútà wò?"

Mo ní kò ní í ṣí inú rẹ̀ wò kó tó mọ̀. Á gbá a lẹ́ẹ̀kan, á dùn mọ́ ọn. Bó bá gbá a lẹ́ẹ̀kejì, Àgbẹ̀ náà ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, á béèrè ohun tí ẹ̀yin náà béèrè lọ́wọ́ mi níbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí. Mi ò sì fẹ́ kí ìlú mi gorí oyè nípa àṣìṣe akọ̀wé.

Ó nu ojú. "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọpọlọ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ yẹn la máa rà. Ẹ má bínú. Mo ti fún yín láyè."

Mo ní mo gbọ́. Mi ò bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé tábìlì, Olóhùn-kékeré wo ojú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn bírò rẹ̀ jọ sójú kan. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ti gbájú mọ́ iṣẹ́ yìí fún ọdún méjì, mi ò sì gbọ́ kó ráhùn rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo ti rí i. Mo ti rí i!

Ìrọ̀lẹ́, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo dúró lójú fèrèsé. Mo rí ọkùnrin mẹ́ta tó ń bọ̀ lókè àdúgbò, wọ́n gbé nǹkan gígùn léjìká. Ojú ti ń ṣú díẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé àkàbà ni. Nígbà tó yá, mo rò pé irin ni, pé àwọn òṣìṣẹ́ iná ọba ló ń wá gé iná ìyá tó ń tajà nísàlẹ̀ ilé wa, mo sì ti ń múra ẹnu sílẹ̀ dè wọ́n. Ìgbà tí wọ́n dé abẹ́ fèrèsé ni mo rí i pé ọkọ mi ni, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, wọ́n gbé páákó.

Ta ló sọ pé amí gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń rí? Orí òkè ló dúró sí. Ó ń wo ìlú onílùú lókèèrè, ẹ̀rù ń bà á. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bó bá rí ẹgbẹ̀rún ènìyàn pẹ̀lú igi gígùn léjìká ní ìrọ̀lẹ́, ṣé ọkọ́ ni àbí ọ̀kọ̀? Kó jábọ̀ bó ṣe rí i, kí ọba rẹ̀ wá fi orí ara rẹ̀ pinnu.

Kọ̀ǹpútà ti bá wa dá a sílẹ̀. A ò kàn mọ̀ pé iṣẹ́ ló ṣe fún wa.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Mo ká Ọ̀gá mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, mi ò jẹ́ kó bọ́ ẹ̀wù òjò. Mo ní: agbọ̀n márùn-ún, orúkọ márùn-ún, kí òótọ́ wà níbi tí òótọ́ wà. Ṣùgbọ́n amí ò ní rí òótọ́. Ohun tí ojú lè rí látòkèèrè ló máa rí, bí ó bá sì ṣe súnmọ́ tó ni á ṣe mọ̀ ọ́n tó. Olódò lè to ọkọ̀ ẹja sí etí omi kí ayé rò pé ogun ló ń bọ̀. Olókè lè tọ́jú ọ̀kọ̀ sínú ihò àpáta kí ayé rò pé òtòṣì ni. Oníyọ̀ á máa fi ọmọ fọ́kọ, á máa fi àna dẹ́rù ba ọ̀tá. Àgbẹ̀ á sì máa fi ọkọ́ ra àkókò títí á fi rí irin rọ ọ̀kọ̀ gidi. Ṣebí àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni?

Omi ń kán láti etí fìlà rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin náà le o."

Ó ní òun ti ra ọpọlọ ọ̀hún ná. Kọ̀ǹpútà méjì ni a máa gbé lọ síbi ìpàtẹ. Bí tiwa bá kọsẹ̀ lójú olùrà, òun á gbé tiwọn síwájú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀ka wa á sì tì lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e.

Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Olóhùn-kékeré ti ń tú àwọn bírò rẹ̀ ká sórí tábìlì padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Agbọ̀n márùn-ún ti dá dúró. Oko_ile, oko_omi, oko_ogun, oko_ise, oko_iyawo. Mo ní kó kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kà á, ó ní, "Mà, mo ti lè fi kọrin báyìí." Àwàdà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Olókè jọba lówùúrọ̀. Lọ́sàn-án, ẹnikẹ́ni ò jọba, Olódò àti Ẹlẹ́ṣin kàn ń wo ara wọn fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí a fẹ́ lọ sílé, Oníyọ̀ gbé Aláriwo ṣubú láti ẹ̀yìn. Àna rẹ̀ ni. Ó pariwo títí àwọn ará ìsàlẹ̀ fi gun òkè wá wò ó.

Iná ọba lọ ní agogo mẹ́rin. Owó iná tún ti fò sókè, wọ́n sì ń mú un lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Géèmù dákú lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Bí amí méjì bá pàdé lórí òkè kan náà, wọ́n á máa wo ara wọn títí gbogbo nǹkan á fi dúró gbagidi. Olóhùn-kékeré tún un ṣe. Ó ní kí wọ́n máa kí ara wọn, kí kálukú sì máa lọ.

Ọkàn mi balẹ̀. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni kò gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Gbọ̀ngàn kún fún ènìyàn, afẹ́fẹ́ ò tó. Wọ́n ti lẹ bébà ńlá mọ́ ẹ̀yìn àgọ́ wa. Kọ̀ǹpútà méjì, tiwa lápá ọ̀tún, tiwọn lápá òsì, Ọ̀gá láàárín bí ẹni tó ń la ìjà.

Olùrà tó ṣe pàtàkì jù dé nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń dínkù. Obìnrin tó ti dàgbà, tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò jẹ́ kí a ṣàlàyé. Ó ní, "Mo ti ń gbá irú èyí kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó dáyé." Ó jókòó, ó yan Ẹlẹ́ṣin.

Ó mọ̀ ọ́n gbá. Láàárín ìgbà díẹ̀ ó ti fọ́ Oníyọ̀ túútúú, pẹ̀lú gbogbo àna rẹ̀. Amí rẹ̀ dé láti ọ̀dọ̀ Àgbẹ̀, ó ní: wọ́n pọ̀, wọ́n gbé ohun gígùn léjìká, mi ò dá a mọ̀. Obìnrin yìí wo bébà tó wà lẹ́yìn wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ọkọ́ ni. Kí ni àgbẹ̀ tún fẹ́ gbé? Màá padà wá bá wọn."

Ó yí ẹṣin rẹ̀ sí Olókè. Olókè le, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ọkọ́ ni lọ́dún tó wò ó. Mi ò mọ ohun tó jẹ́ lọ́dún tó fi padà wá. Nígbà tó da gbogbo ẹṣin rẹ̀ sí oko Àgbẹ̀, àwọn ènìyàn náà dìde láàárín àgbàdo, irin sì ń kọ mànà lórí gbogbo igi náà. Ogun ọ̀hún ò pẹ́. Wọ́n tẹ̀lé e dé ààfin rẹ̀.

Ó fi ẹ̀yìn ti àga. Ọ̀gá ti na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà apá òsì, torí kò mọ̀ bóyá inú ló ń bí obìnrin náà.

Ó ní, "Ta ló kọ́ wọn nìyẹn?"

Mo fẹ́ dáhùn. Olóhùn-kékeré ló dáhùn, a ò sì ní láti na etí sí i.

"Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn, Mà. Ẹ̀yin lẹ fún wọn láyè."

Ó yí ojú sí i, ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Ẹ tún un tò."

Lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ́kọ́ kọlu Àgbẹ̀, kí wọ́n tó rí ààyè rọ nǹkan kan. Ọkọ́ ni wọ́n gbé jáde lóòótọ́. Bó ṣe ń yọ̀, gbogbo ibodè rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn ṣókùnkùn lójú kọ̀ǹpútà, Olódò àti Olókè ti di ọ̀rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ìlú méjì tí kò tíì bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ rí látìgbà tí a ti ń dán géèmù yìí wò. Ó kígbe, "Áà!" bí ọmọdé. Ó kó ẹṣin rẹ̀ padà sẹ́yìn odò.

Wọ́n ti ń pa iná gbọ̀ngàn láti ẹ̀yìn bọ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan wá sọ fún wa pé àkókò ti tó. Olùrà ò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà mí láàmú. Ẹ ò rí i pé wọ́n ń bọ̀?"

Ọ̀gá na ọwọ́, ó pa kọ̀ǹpútà apá òsì. Ó fa àga kan, ó jókòó tì mí, ó tẹ orí sí etí mi.

"Tíṣà, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe báyìí?"

Mo wo odò, mo wo àwọn igi gígùn tí ará Olódò àti Olókè gbé bọ̀ níwájú rẹ̀ nínú òkùnkùn. Inú mi dùn gan-an.

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Ọ̀gá."